Ta Ló Ni Ọ̀nà Abà Yìí?

Ibi tí ọ̀dà ti tán lẹ́yìn Ìlúmọba-Èkìtì ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Láti Adó la ti wá. A kọjá iwájú Pólì ìjọba àpapọ̀, a kọjá Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, a fi pápá ọkọ̀ òfuurufú sí ẹ̀gbẹ́ kan, a já sí Ìjàn, a sì wọ Ìlúmọba kí oòrùn tó mú. Jíìpù la gbé wá, síbẹ̀ a kò wà á wọ inú oko. A páàkì rẹ̀ sínú ìlú, a wọ bàtà rọ́bà, a mú igi dání, a fi ẹsẹ̀ rìn. Àwa tí a fẹ́ràn láti máa wa ọkọ̀ lórí ẹrẹ̀, lórí yangí àti nínú omi odò gbà pé ọ̀nà tí ènìyàn kò bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀, kò yẹ kó fi táyà tẹ̀ ẹ́. Kòtò àti gegele ọ̀nà náà ṣe pàtàkì sí wa, ṣùgbọ́n ohun tó gbé wa débẹ̀ gan-an ni pé a fẹ́ mọ ẹni tó ni ín, kí a sì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ fóò-wíìlì ló rò pé bí ọ̀dà bá ti tán, òfin náà ti tán nìyẹn. Wọ́n á ní inú igbó ni, ta ni yóò bi wọ́n? Èrò yìí ń dùn mí, nítorí kò sí igbó kan ní gúúsù Èkìtì tí kò ní ẹni tó ń pè é ní tòun. Ọ̀nà tó wọ inú oko kì í dédé wà. Ẹnì kan ló là á. Ó lè jẹ́ ìdílé kan ló fi àdá là á kí wọ́n lè máa ru kòkó jáde. Ó lè jẹ́ àwọn onígẹdú ló là á fún ọkọ̀ agbégilódò. Ó lè jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló fi gírédà há a. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ti DFRRI, àjọ tí ìjọba Babangida dá sílẹ̀ lọ́dún 1986 nítorí oúnjẹ, ojú ọ̀nà àti ìdàgbàsókè ìgbèríko. Àwọn àgbà ṣì máa ń dárúkọ àjọ náà bí wọ́n bá ń júwe ọ̀nà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí gírédà ti débẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó la ọ̀nà ló mọ ohun tó ná òun. Òun náà ló yẹ ká bi.

Ní England, níbi tí ọ̀pọ̀ ará wa ń gbé, máàpù ló ń sọ ọ̀nà oko tí mọ́tò lè gbà. Ìjọba àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí wọ́n kọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni ló sì lè lọ wò ó. Lọ́dún 2006, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tó gba ẹ̀tọ́ mọ́tò kúrò lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà àtijọ́ tí wọn kò tíì kọ sínú ìwé náà, gbólóhùn asọ̀ tó wà láàárín àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn kò sì tíì tán. Ní tiwa, ní Gbọnyin, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré, ẹnu àgbà ni ìwé náà wà. Bí àgbà bá kú láì sọ ọ́, ojú ìwé kan ti já nínú rẹ̀.

Síbẹ̀ òfin wà tí a lè dì mú. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi ṣíṣe àti títún ojú ọ̀nà ìgbèríko ṣe sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀nà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá là, ọ̀nà gbogbo ènìyàn ni. Ọkọ̀ tó bá ní nọ́ńbà, tó ní ìwé, tó ní inṣọ́ránsì, tí awakọ̀ rẹ̀ sì ní láísẹ́ǹsì, lè gbà á láì bẹ ẹnikẹ́ni. Inṣọ́ránsì tó kéré jù lọ tí òfin béèrè fún ọkọ̀ ara ẹni ti di ₦15,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé inú oko kò béèrè ìwé ọkọ̀, ó ti gbàgbé pé ọmọdé lè sáré yọ láti inú oko kòkó nígbàkigbà.

Bí a bá wá kúrò lórí ọ̀nà ìjọba ìbílẹ̀, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 la bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ó tún gbà fún ẹni tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ kí òfin tó dé pé kó máa bá a lọ, bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ ti fún un níwèé. Nítorí náà, bí ìdílé tí kò ní tákàdá kankan lọ́wọ́ bá sọ pé "ẹ má gba oko wa kọjá," òfin wà lẹ́yìn wọn. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ wọ oko mọ èyí, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó tẹ iná ọkọ̀ wọn.

Ilé ìjòyè kan la kọ́kọ́ dé. Ọmọ ìlú tó wà láàárín wa ló mú wa lọ, nítorí àjèjì tí kò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àbúrò wa obìnrin kúnlẹ̀, a gbé obì kalẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ fẹ́ gbé jáde níbẹ̀?"

"A ò fẹ́ gbé nǹkan kan, Bàbá. Ọkọ̀ la kàn fẹ́ wà."

"Ṣé gẹdú ni? Àbí òkúta? Àwọn kan ti wá rí, wọ́n láwọn fẹ́ wo ilẹ̀ ni. Ká tó mọ̀, wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ."

Ìbéèrè wọn tọ̀nà. Ẹni tó ń wá kùsà, ẹni tó ń gé gẹdú lóru, ẹni tó fẹ́ gbalẹ̀ onílẹ̀, irú ọkọ̀ tí a gbé wá náà ni gbogbo wọn ń gbé wá. Kò sí ohun tó wà lára jíìpù tó lè sọ fún ará oko pé èyí kì í ṣe olè. Ọmọ ìlú wa gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó ní ọdẹ mìíràn wà tó máa ń wọ ìgbẹ́, tí kò ní yìnbọn, tó máa padà wálé lọ́wọ́ òfo tí inú rẹ̀ yóò sì dùn, nítorí pé ó ti rí inú ìgbẹ́. Ó ní irú rẹ̀ la jẹ́, ọkọ̀ ni ọgbọ́n ọdẹ tiwa.

Bàbá ronú sí i. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó bá wọgbó, olórí ọdẹ mọ̀ sí i."

Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa lẹ́yìn náà, inú gbólóhùn yẹn ló ti jáde. Kí a kọ orúkọ wa àti nọ́ńbà ọkọ̀ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kí àwọn ọdẹ ìlú mọ̀. Kí Amọ̀tẹ́kùn mọ̀, kí àgọ́ ọlọ́pàá náà mọ̀. Kí a wọ oko lójú mọ́mọ́, kí a sì ti jáde kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Kò sí èyí tí a jiyàn sí nínú wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè Ìkọ̀lé. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní ìhà Èmùré, tí gbogbo Èkìtì kò sùn títí wọ́n fi padà wálé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Láti ìgbà yẹn, bí ará abà bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tí kò mọ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń rò ni ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Awakọ̀ tó bá dé láì sọ fún ẹnikẹ́ni ti dẹ́rù bà wọ́n kó tó yẹ ara rẹ̀ wò. Amọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fà dá sílẹ̀ lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ ọdẹ tó mọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ló wà nínú rẹ̀. Ìpè kan ṣoṣo sí wọn lè gba ẹ̀mí là, ti ará abà àti ti awakọ̀.

Ẹni tí Bàbá ìjòyè yàn láti mú wa wọ oko ti wa agbégilódò rí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn èwe tó ń ka ìwé yìí mọ irú ènìyàn tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó máa ra jíìpù olówó ńlá fún fàájì ní ilẹ̀ yìí, àwọn awakọ̀ agbégilódò ti ń wa Bedford olórí pákó wọ inú igbó tí ọ̀nà kò sí, wọ́n á gbé ìtì igi tó wúwo ju ọkọ̀ lọ sí i lẹ́yìn, wọ́n á sì gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń là á. Ọmọ mọ́tò á máa sá tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú igi tí wọ́n fi ń dá táyà dúró, kó má bàa yí padà sẹ́yìn bó bá ń gun òkè. Ẹ̀mí mìíràn bá a lọ. Nínú gbogbo ẹni tí mo ti bá sọ̀rọ̀ nípa wíwa ọkọ̀ lórí ilẹ̀ burúkú, àwọn ni mo kà sí ọ̀gá.

Ilẹ̀ yangí pupa la kọ́kọ́ rìn lórí rẹ̀, ó le, ó gbẹ, ọkọ̀ kékeré pàápàá lè gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn la wọ ibi tí ojú táyà méjì ti jìn, tí gegele gígùn kan sì dùbúlẹ̀ láàárín wọn. Bàbá awakọ̀ tó ń mú wa lọ ki ọ̀pá wọn bọ inú ojú táyà náà, wọ́n fi àtàńpàkò wọn sàmì sí i, wọ́n wá gbé ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún wọn.

"Báwo ni ikùn ọkọ̀ yín ṣe ga tó?"

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì tó bá wa lọ fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

"Kò ní tó. Bí ẹ bá gba inú ojú táyà yìí, ẹ ó fi ikùn jókòó, gbogbo táyà á sì máa yí lásán. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sórí gegele, kí ẹ gbé ìkejì sí etí ọ̀nà."

Ẹ̀gbọ́n tọ́ka sí etí ọ̀nà náà. Ebè iṣu ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́, igi tí iṣu yóò lọ́ mọ́ sì ti wà lórí rẹ̀. Bàbá wò ó, wọ́n mi orí.

"Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ ó da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ àti òkúta sínú ojú táyà kí ẹ tó kọjá. Bí ẹ kò bá lè dà á, ẹ padà sílé."

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ba ọ̀nà jẹ́. Wọ́n bá ẹrẹ̀ pàdé, wọ́n yà á. Ẹni tó tẹ̀lé wọn yà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọdún tó yí po, ọ̀nà tó fẹ̀ tó ọkọ̀ kan ti fẹ̀ tó mẹ́rin, oko ẹlòmíràn ló sì jẹ wọlé. Òjò wá dé, kò sí koríko mọ́ tí yóò di ilẹ̀ mú, ọ̀gbàrá á wọ́ gbogbo rẹ̀ lọ sí odò. Òfin àkọ́kọ́ láàárín wa ni pé a kì í yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá lè gba ọ̀nà bí ó ṣe wà, yóò yí orí ọkọ̀ padà, kò sì sí ẹni tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí a ṣe ń gun òkè kékeré kan, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀nà náà kò gun òkè tààrà, ó ń yí kiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Bàbá ní àwọn onígẹdú tó mọṣẹ́ ló là á. Bí ọ̀nà bá gba òkè tààrà, omi òjò á tẹ̀lé ojú táyà, á máa sáré, á sì sọ ọ̀nà di kòtò kí òjò ọdún kan tó tán. Bó bá yí kiri, omi á máa rí ibi tí yóò yà sí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ojúṣàn kéékèèké sí etí ọ̀nà láyé ìgbà náà. Ewé ti dí i pa. A bẹ̀rẹ̀, a fi ọwọ́ àti àdá kó ewé kúrò nínú díẹ̀ nínú wọn bí a ṣe ń lọ.

Nísàlẹ̀ òkè ni ilẹ̀dú tó rọ̀ wà, àwọn ìtì igi tí wọ́n tò ní ìbú sì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti rà, olú hù sára wọn. Bàbá gún ọ̀kan, ọ̀pá wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní kí a má fọkàn tán an rárá. A béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí ẹrẹ̀ bá ti gbé ọkọ̀. Wọ́n ní ṣéènì ni wọ́n ń so mọ́ táyà. A sọ fún wọn pé ní tiwa, à ń dín atẹ́gùn táyà kù láti nǹkan bí 35 PSI sí nǹkan bí 25, kí ẹsẹ̀ táyà lè tẹ́ kí ó sì di ilẹ̀ mú; bí a bá padà dé orí ọ̀dà, a ó tún fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn púpọ̀. Wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń fẹ́ táyà, wọ́n gbé e lọ́wọ́ yẹ̀ wò, wọ́n ní ká ní ó wà láyé ìgbà àwọn ni.

Odò kékeré kan ló dá wa dúró pẹ́ jù. Omi náà mọ́, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá bọ́ bàtà, wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n sọdá, wọ́n padà, wọ́n tún sọdá níbòmíràn, wọ́n ń fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí awakọ̀ ṣe. Omi tó bá ga ju àárín táyà lọ kì í ṣe ti ọkọ̀ tí a kò pèsè sílẹ̀ fún un, nítorí bí omi bá gba ibi tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wọlé, ẹ́ńjìnnì náà kú nìyẹn. Bàbá fi kún un pé odò yìí lè kún láì jẹ́ pé òjò rọ̀ níbi tí a dúró sí. Òjò á rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, omi á dé bá ọ níhìn-ín. Láti ìgbà tí òjò bá ti wọlé dáadáa títí di oṣù kẹwàá, a ti gbà pé a kò ní mú ọkọ̀ débẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí àbúrò wa obìnrin ló kọ́kọ́ rí. Garawa méjì àti kàǹkàn wà ní etídò, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọkọ̀ yóò ti sọdá. Omi tí wọ́n ń mu ni. Ọkọ̀ tí ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì gbà láti máa yẹ abẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wò nínú ìlú kí a tó wọ oko, a sì ní kó dá èyí tó bá ń jò padà, ì báà jẹ́ tiwa fúnra wa.

Lójú abà ni a ti bá ìyá kan tó ń ro kòkó tó sá sórí tapólì. Lẹ́yìn abà wọn ni àwọn Ẹbira ń dá oko iṣu, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìdílé ọkọ ìyá náà. A kúnlẹ̀, a kí wọn, Bàbá sọ ìdí tí a fi wá. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti ń retí kí ìjọba wá tún ọ̀nà yìí ṣe láti ìgbà tí àwọn ti wọlé ọkọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ní agbára láti wá ṣeré lójú ọ̀nà yìí, ṣé ẹ lè gbé àpò kòkó bí ẹ bá ń padà?"

Ọ̀kadà ló ń gbé kòkó wọn dé Ìlúmọba báyìí, àpò kọ̀ọ̀kan lówó tirẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ la gbà. Jíìpù tó máa ń padà lófìfo, kí ló ń ṣe tí kò lè gbé kòkó? Ìbéèrè ìyá yìí yí èrò wa padà ju gbogbo ohun tí àwa ti jọ sọ láàárín ara wa lọ. Ọ̀kan nínú àwọn Ẹbira tó dúró tì wá ní kí a rántí iná pẹ̀lú. Ó ní nígbà ọyẹ́, bí koríko gbígbẹ bá há sí abẹ́ ọkọ̀, sàlẹ́ńsà tó gbóná lè ràn án, iná náà kò sì ní mọ ibi tí oko kan parí sí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Omi àti ọkọ́ yóò máa wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa dúró yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò ní ibi tí koríko bá ti ga.

Lọ́jọ́ mìíràn, a gba Ìsẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ igbó ọba Ìsẹ̀ ló gbé wa lọ, nítorí àwọn kan láàárín wa ti ń gbọ́ pé ọ̀nà onígẹdú pọ̀ nínú rẹ̀. Mo sọ èrò mi kí á tó dé ibẹ̀: mi ò fara mọ́ ọn. Igbó ọba yàtọ̀ sí oko. Àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí ìjòyè tàbí olórí ìdílé tó lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n bí àjọ tó ń rí sí igbó bá tilẹ̀ fún wa níwèé, mi ò ní wọ̀ ọ́. Ìnàkí wà nínú igbó yẹn. Ẹ̀yà ìnàkí tí a ń rí ní Nàìjíríà àti Cameroon nìkan ni wọ́n, àwọn ló sì kéré jù lọ níye nínú ẹ̀yà ìnàkí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní Áfíríkà. Wọn kò pé 10,000 lápapọ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń ṣèwádìí lórí ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ní Ìsẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ọ̀nà tí a bá fi táyà là fún eré lọ́sàn-án, àwọn tó ń jí gẹdú gé ni yóò gbà á lóru. Ẹ̀gbọ́n kan jiyàn pé wíwà tí à ń wà níbẹ̀ lè lé àwọn olè náà. A jọ sọ ọ́ títí. Níkẹyìn, ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni pé ọkọ̀ wa kò ní kọjá ààlà igbó náà, ẹni tó bá fẹ́ rí inú rẹ̀ kí ó gbàwé, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé asọ́gbó.

Ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Òkúta Olósùnta àti Orólè dúró gbagidi lórí ìlú, ojú ẹni tó fẹ́ràn kí ọkọ̀ máa gun àpáta kò sì lè kúrò lára wọn. Olósùnta ojúbọ ni, ọdọọdún ni wọ́n ń bọ ọ́. Kò sí ohun tí a ní láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. A wò ó láti ìsàlẹ̀, ó sì tó wa.

Ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, la yà sí kí á tó padà, nítorí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó kú lọ́dún 1938, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin náà ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914 ti wà ní London báyìí. Lọ́dún 1924 ni wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum sì fi ìtẹ́ kan pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà. Ó dùn mí pé ìlú òkèèrè la ti gbọ́dọ̀ lọ wò ó. Lára ilẹ̀kùn náà, Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ọjọ́ tí Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá kí Ògògà. Ọba jókòó, ó gúnwà. Àlejò dojú kọ ọ́, àwọn aláàárù ni wọ́n rù ú wá, torí kò sí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ tàbí mọ́tò lè gbà. Mo máa ń ronú nípa àwọn aláàárù yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí a là ní ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ọmọ ìlú ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn là wọ́n, ọ̀pọ̀ ìgbà láì gbowó. Bí àgbà kan bá wá jókòó lónìí tó ní kí n ṣàlàyé ara mi kí n tó gba ọ̀nà kọjá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ìlúmọba la padà sí láti kọ àdéhùn. Ilé ìjòyè náà la jókòó sí, pẹ̀lú olórí ìdílé tó ni ilẹ̀ abà, ọdẹ kan, Bàbá awakọ̀ àti ìyá tó ń sá kòkó. Ẹ̀dà méjì la kọ, ọ̀kan fún ìjòyè, èkejì fún ọkọ̀ tó bá ṣíwájú. Ọkọ̀ kì í ju mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí eré sísá. A kò ní san owó ọ̀nà fún ẹnì kan ṣoṣo. Dípò bẹ́ẹ̀, a ó ra páìpù oníkọnkéré tí wọn yóò rì sí ibi ilẹ̀dú náà, a ó sì wá bá wọn ṣiṣẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ rì í. Ohun tí a bá fọ́, tàbí ebè tí a bá tẹ̀, a ó san iye tí olóko bá dá lé e, kí a tó kúrò níbẹ̀. A ó gbé kòkó jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Bí olórí ìdílé bá ní kí a má wá lọ́dún kan, a kò ní béèrè ìdí.

Nígbà tí wọ́n ka ìwé náà tán tí olórí ìdílé fẹ́ tẹ̀ka, ìyá ní kí wọ́n dúró, ó ku ohun kan. Wọ́n ní nígbà tí kòkó bá pọ̀, ojú ọ̀nà gan-an ni àwọn máa ń sá a sí, torí ibẹ̀ ló ń rí oòrùn jù. Bí ọkọ̀ bá dé bá kòkó lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó bá àwọn kó o. Ọmọ ìlú wa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé méjèèjì. Bàbá awakọ̀ ní kí a fi oṣù kejìlá bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀dú náà bá ti gbẹ, kí a sì fi àyè ìjókòó kan sílẹ̀ fún àwọn nínú ọkọ̀ iwájú.